Àìrí èèyàn ni wọ́n ń tà: èmi àti Alhaja ní erékùṣù olówó

Gbogbo ẹni tó rí fọ́tò tí mo gbé sórí WhatsApp ló ń bi mí pé ṣé lóòótọ́ ni Maldives, orílẹ̀-èdè erékùṣù tó wà nínú Òkun Íńdíà, rẹwà tó báyẹn, mo sì máa ń sọ fún wọn pé ó rẹwà ju fọ́tò lọ, omi yẹn mọ́ débi pé èèyàn á dúró lórí afárá pákó á máa ka ẹja nísàlẹ̀. Àmọ́ bí mo bá sọ ìyẹn tán, ọ̀rọ̀ ṣì máa ń kù sí mi lẹ́nu, torí omi kọ́ ni wọ́n ń tà níbẹ̀. Omi wà ní Bàdágìrì. Omi wà ní Jábì ní Àbújá níbí náà, bí ò tiẹ̀ mọ́. Ohun tí olówó ń ra ní erékùṣù àdáni ni pé kò ní rí ẹnikẹ́ni tí kò bá wù ú láti rí, ibẹ̀ gan-an ni owó ńlá yẹn ń lọ, èmi tí mo sì ń gbé ní Kubwa nínú ilé tí ògiri ẹ̀ fẹ́lẹ́ débi pé mo mọ ìgbà tí bàbá tó wà ní yàrá kejì bá ń húkọ́, mo fẹ́ sọ bí mo ṣe rí i.

Mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni o, iṣẹ́ ni mo ń ṣe jẹun. Nọ́ọ̀sì ni mí, mo ń tọ́jú màmá àgbà kan, ọmọ Ìlọrin, tí ọmọ ẹ̀ ń ṣe kọngílá ní Àbújá, Alhaja ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Ọ̀gá, ìyẹn ọmọ Alhaja yìí, fẹ́ fi ọjọ́ìbí ìyàwó wọn ṣe fàájì, wọ́n ní gbogbo ilé ló máa lọ, Alhaja náà, Alhaja sì ní òun ò ní gbé ẹsẹ̀ láìsí nọ́ọ̀sì òun torí ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà. Bí mo ṣe débẹ̀ nìyẹn. Tó bá jẹ́ owó oṣù mi ni, màá ṣì máa wò ó lórí fóònù.

Ìrìnnà ò le bí ẹ ṣe rò. Wọn kì í béèrè físà lọ́wọ́ wa ṣáájú, tẹ́ ẹ bá ti dé ẹ́pọ́ọ̀tù Malé, olú ìlú wọn, wọ́n á fún yín ní ọgbọ̀n ọjọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, fọ́ọ̀mù kan lẹ máa kún lórí íntánẹ́ẹ̀tì láàárín wákàtí 96 tó ṣáájú ìrìnàjò, àti káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, ìyẹn yellow card tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ àwa tá a bá ń bọ̀ láti Nàìjíríà. A gba Doha. Alhaja di èlùbọ́ àti ẹja gbígbẹ sínú báàgì, mo ní Màmá, orílẹ̀-èdè ẹlẹ́ja là ń lọ, wọ́n ní ẹja tiwọn ni òun mọ̀.

Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tá a dé, báàlù tó ń balẹ̀ sórí omi, tó máa gbé wa dé erékùṣù náà, kì í sì í fò lóru, olówó ni ẹ o, òtòṣì ni ẹ o, ẹ máa sùn. Hulhumalé ni wọ́n kó wa lọ, ìlú tí wọ́n fa iyanrìn látinú òkun kí wọ́n tó rí ilẹ̀ kọ́ ọ, a gba orí ọ̀nà tó so mọ́ afárá Malé tí wọ́n ṣí ní 2018. Láti fèrèsé òtẹ́ẹ̀lì mo ń wo iná Malé lọ́ọ̀ọ́kán. Àárọ̀ ọjọ́ kejì la fi mọ́tò yípo ní Malé díẹ̀ kí àkókò báàlù tó tó, àwọn ilé ti ara wọn, ọ̀kadà ń wọ́ tìtì, ọmọléèwé, ọlọ́jà, èèyàn ń kígbe pe èèyàn, Alhaja sì jí kúrò lójú oorun wọ́n ní ìlú rèé. Wọn ò mọ̀ pé ìyẹn ni èèyàn tí a máa rí mọ.

Ẹni tó máa wa báàlù kékeré yẹn wọ ṣòkòtò péńpé, kò sì wọ bàtà. Mo rò pé ẹni tó ń kó ẹrù ni. Alhaja fọwọ́ tọ́ mi, wọ́n ní, “Nọ́ọ̀sì, awakọ̀ rèé? Àbí wọ́n ti jí bàtà ẹ̀ ní mọ́ṣáláṣí?” Mo ti wá mọ̀ lẹ́yìn náà pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbẹ̀ nìyẹn, ọ̀pọ̀ wọn ló ń fi ẹsẹ̀ lásán wà á, àmọ́ lọ́jọ́ náà èmi àti Màmá la jọ ń ka Ayatul Kursiyyu, èmi tí mo jẹ́ ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì.

Láti òkè lẹ máa lóye ọ̀rọ̀ náà. Erékùṣù tó wà lábẹ́ Maldives lé ní 1,100, àwọn tí ọmọ ìlú ń gbé ò tó igba, òkun ló sì yí gbogbo ẹ̀ ká. Ní 1972 ni wọ́n ṣí ríṣọ́ọ̀tù àkọ́kọ́, ìyẹn ibùdó ìgbafẹ́ àlejò, tó ń jẹ́ Kurumba, látìgbà náà òfin tí wọ́n ń tẹ̀ lé ni erékùṣù kan fún ríṣọ́ọ̀tù kan, kò sí abúlé, kò sí ọjà, kò sí ẹnì kan tí bàbá ńlá ẹ̀ ń sùn níbẹ̀ tó máa wá bi yín pé ta ló fún yín láyè. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ra ilẹ̀ rí lágbègbè Lugbe tàbí Kuje, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ.

Villa tí wọ́n kọ́kọ́ fún Alhaja, orí omi ló wà, lórí òpó pákó, wọ́n fi gíláàsì sí àárín ilẹ̀ yàrá kẹ́ ẹ lè máa rí ẹja tó ń kọjá. Màmá dé ẹnu ọ̀nà wọ́n dúró. “Èmi ò sùn lórí omi. Ẹja ni mí?” Ọ̀gá bẹ̀bẹ̀ títí, wọ́n ní Màmá ẹ kàn wọlé kẹ́ ẹ rí i, Màmá ní ibi tí òun dúró sí ti tó òun rí i. Wọ́n gbé èmi àtàwọn lọ sí villa tó wà létí iyanrìn. Swimming pool wà níwájú ẹ̀, òkun wà níwájú pool, ìṣísẹ̀ díẹ̀ ló wà láàárín méjèèjì, dòní mi ò tíì mọ ẹni tó ń wẹ inú pool tí òkun wà níbẹ̀. Balùwẹ̀ ò ní òrùlé. Èmi fẹ́ràn ẹ̀ púpọ̀, kí omi gbígbóná máa dà sí ẹ lára kí ìràwọ̀ máa wò ẹ́, àmọ́ Màmá ní bí jìnnì bá ń kọjá lọ lókè ńkọ́, ojoojúmọ́ ni mo ń gbé omi sí báàkẹ́ẹ̀tì wọlé fún wọn.

Ẹnu á yà yín bí ẹ bá gbọ́ ti aago. Àsìkò Malé fi wákàtí mẹ́rin ṣáájú ti Nàìjíríà, ìyẹn yé mi, mo ti ṣètò oògùn Màmá lé e. Àfi bí ọ̀dọ́kùnrin tó ń mójú tó villa wa ṣe sọ pé lórí erékùṣù yìí wákàtí kan la tún fi ṣáájú Malé. Kí ló dé? Kí oòrùn lè pẹ́ wọ̀ fún àlejò ni. Ríṣọ́ọ̀tù tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ ò mọ ní ẹyọ kan níbẹ̀ o. Màmá tó ń fi fóònù wo àkókò ìrun bínú gan-an, wọ́n ní owó ra ilẹ̀, owó ra omi, ṣé ó tún wá ra ìrun Aláàsárì ni.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan mo ń rìn kiri nígbà tí Màmá ń sùn, mo bá gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn àwọn igi. Ó jìnnà díẹ̀, ó ń dún lábẹ́lẹ̀. Kò sí ọmọ Nàìjíríà tí kò mọ ohùn yẹn. Mo tẹ̀ lé e títí mo fi dé ibi tí wọ́n kọ pé òṣìṣẹ́ nìkan ló lè wọlé, ibẹ̀ ni mo dúró sí tí mò ń rẹ́rìn-ín bíi wèrè. Jẹnẹrétọ̀ ni! Olówó láti gbogbo ayé wá síbí, jẹnẹrétọ̀ ló ń gbé AC wọn. Nígbà tí mo bi ọ̀dọ́kùnrin yẹn, ó ní kò sí wáyà tó so ọ̀pọ̀ erékùṣù mọ́ra, olúkúlùkù ló ń pèsè iná ara ẹ̀, dísù ló pọ̀ jù, ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé e wá, àwọn kan ti ń fi sólà kún un. Omi tí a ń mu, òkun ni wọ́n sẹ́ iyọ̀ kúrò lára ẹ̀, ẹ̀rọ ló ń ṣe é tọ̀sán tòru. Ìdọ̀tí ilé ìyàgbẹ́, àwọn náà ni wọ́n ń tọ́jú ẹ̀ lórí ilẹ̀ kékeré yẹn. Síkíọ́rítì, dókítà, búrẹ́dì, gbogbo ẹ̀ inú ilé.

Ẹ wo bí mo ṣe ń to ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀, ṣé ẹ ò rí i pé Asókòrò, àdúgbò àwọn olówó ní Àbújá, ni mò ń ṣàpèjúwe? Ilé ọ̀gá mi ní jẹnẹrétọ̀ méjì, borehole, tánkì dísù, mẹ́gádì lẹ́nu géètì, fẹ́ǹsì tí wáyà wà lórí ẹ̀. Ohun tí Maldives fi ju tiwa lọ ni pé wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń fi jẹnẹrétọ̀ pamọ́ sẹ́yìn òdòdó. Mo bi Alhaja lálẹ́ ọjọ́ yẹn pé Màmá, kí lorúkọ ẹni tó ń gbé ilé tó tẹ̀ lé tiyín ní Àbújá? Wọ́n ronú títí. Wọ́n ní àwọn mọ ohùn ajá ẹ̀. Obìnrin tó dàgbà sínú agboolé ní Ìlọrin o, tí ìyàwó ilé pọ̀ níbẹ̀ tí wọn ò fi ìgbà kankan dá jẹun, tí wọ́n bá ṣe gùn-ún gùn-ún lóru èèyàn mẹ́ta á ti kan ilẹ̀kùn. Ọmọ wọn kó wọn wá sí Àbújá láti tọ́jú wọn, ìtọ́jú náà sì ń lọ dáadáa, èmi gan-an wà lára ẹ̀. Àmọ́ kí báàlù tó gbé wa kúrò ní Nàìjíríà ni Màmá ti ń gbé ní erékùṣù, mi ò kàn rí i bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni.

Bí ilẹ̀ ṣe mọ́ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé àwọn èèyàn dà. Wọ́n bi ọ̀dọ́kùnrin yẹn, èmi ni mo ń túmọ̀, ó sì yára bẹ̀bẹ̀, ó ní ẹ jọ̀ọ́ ṣé ẹnì kan ló wá dí Màmá lọ́wọ́ ni? Kò tiẹ̀ yé e pé ẹnì kan lè máa wá èèyàn níbẹ̀. Nígbà tó yé e tán inú ẹ̀ dùn, ó mú wa gba ẹ̀yìn lọ sí ibùgbé àwọn òṣìṣẹ́, mọ́ṣáláṣí kékeré kan wà níbẹ̀ torí ìlú Mùsùlùmí ni gbogbo Maldives, láti 1153 ni ọba wọn ti gbà á, ọtí àti ẹlẹ́dẹ̀ tẹ́ ẹ máa rí lórí erékùṣù àlejò, òfin ò gbà á ní ìlú tí ọmọ onílẹ̀ ń gbé. Màmá kí ìrun níbẹ̀. Látọjọ́ yẹn ayé yí padà. Ẹni tó ń gbá ilẹ̀ ń kí wọn, ẹni tó ń gbé àgbọn ń kí wọn, gbogbo wọn ń sálámà, Màmá sì ń fi Yorùbá ṣàdúà fún wọn, wọ́n ń ṣe Àmín láìgbọ́ nǹkan kan. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, Bangladesh ni wọ́n ti wá. Ọ̀kan fi fọ́tò ọmọ ẹ̀ han Màmá lórí fóònù, ọmọ náà ti ń rìn, bàbá ẹ̀ ò sì tíì fojú kàn án rí. Màmá ní kí n fún un lówó. Dọ́là ta ni, mo bi wọ́n. Wọ́n ní ti ọmọ àwọn.

Ìyàwó ọ̀gá ò fẹ́ràn ẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n rọra wá, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ kí wọ́n ráyè ṣiṣẹ́ wọn, wọ́n á bá wọn wí.” Alhaja ní, “Ṣé mo ní kí wọ́n má ṣe é ni?” Kí n má purọ́, àwọn méjèèjì ló jàre.

Iṣẹ́ ọmọ Bangladesh yẹn ló yà mí lẹ́nu jù. Kí oòrùn tó là ló ń fi réèkì tún iyanrìn ṣe, ewé tó jábọ́ àti ipa ẹsẹ̀ àná, gbogbo ẹ̀ ló ń pa rẹ́, kí ẹni tó bá jí lè rò pé òun lẹni àkọ́kọ́ tó dé etíkun náà. Tí mo bá jí tètè fún abẹ́rẹ́ Màmá mo máa ń rí i tó ń fẹ̀yìn rìn, kó má baà fi ẹsẹ̀ tiẹ̀ náà sílẹ̀. Ẹ̀yin ẹ rò ó wò. Èèyàn ń gba owó oṣù kó lè dà bíi pé kò sí èèyàn.

Ọ̀rọ̀ owó ẹyọ tiẹ̀ nìyí, mo fẹ́ gbàgbé ẹ̀. Ọmọ ọmọ Alhaja kó ìkarahun mélòó kan wá látinú omi tí ò jìn, Màmá gbé ọ̀kan, wọ́n kígbe, “Owó ẹyọ rèé!” Òun náà ni lóòótọ́, ẹyọ tí àwọn babaláwo àti oníṣàngó ń lò, tí àwọn àgbà fi náwó láyé àtijọ́. Lálẹ́ mo lọ kà nípa ẹ̀ títí ojú fi ń ta mí. Omi Maldives gan-an ni orísun tó tóbi jù fún un. Wọ́n á ki imọ̀ ọ̀pẹ àgbọn bọ omi, àwọn ìgbín kékeré náà á lẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n á rì wọ́n mọ́ iyẹ̀pẹ̀ títí ẹran inú ẹ̀ á fi jẹrà. Ibn Battuta, ará Mòrókò tó rin ayé já, dé ibẹ̀ ní 1343, wọ́n tiẹ̀ fi jẹ alákàálí, ìyẹn adájọ́ Mùsùlùmí, níbẹ̀, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n ń kó ẹyọ lọ sí Bengal láti fi gba ìrẹsì, ó sì ní òun rí irú ẹyọ kan náà tí wọ́n ń ná ní Mali àti Gao, 1,150 fún dínárì wúrà kan. Nígbà tó yá àwọn òyìnbó Pọtogí, àwọn Dọ́ọ̀ṣì àti Gẹ̀ẹ́sì ló ń kó o, wọ́n á fi tẹ́ ìsàlẹ̀ ọkọ̀ kó má baà fì, wọ́n á gbé e dé Yúróòpù, wọ́n á tún gbé e wá sí etíkun tiwa, èèyàn ni wọ́n sì ń fi rà. Ọ̀kẹ́ kan, ẹgbàá mẹ́wàá ẹyọ ni. Mo jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì olówó ńlá yẹn mò ń ronú pé etíkun tí èmi ń fi gbafẹ́ yìí ni owó tí wọ́n fi ra àwọn kan ní ilé wa ti jáde.

Mo sọ fún Alhaja láàárọ̀. Wọ́n béèrè pé àwọn tó ń kó o nínú omi nígbà náà, ṣé wọ́n mọ ohun tí wọ́n máa fi rà? Mo ní mi ò rò bẹ́ẹ̀, Màmá. Wọ́n ní kí ọmọ dá gbogbo ẹ̀ padà sómi, ríṣọ́ọ̀tù náà ò sì fẹ́ kẹ́nikẹ́ni kó ìkarahun lọ tẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ bá ara mu.

Ojú nọ́ọ̀sì ni mo fi ń wo nǹkan, ẹ má bínú. Òru ọjọ́ àkọ́kọ́ mi ò sùn, mò ń ṣírò pé bí ẹ̀jẹ̀ ríru Màmá bá gbéra lóru, báàlù ò ní fò, dókítà erékùṣù wà lóòótọ́ àmọ́ ilé ìwòsàn ńlá, Malé ló wà, ọkọ̀ ojú omi ló kù, òkun sì ṣókùnkùn. Ọlọ́run bá wa ṣe é, nǹkan kan ò ṣe wọ́n. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ń gbé àgbàlagbà lọ síbẹ̀, ẹ má mú èyí tó jìnnà jù, ẹ mú èyí tí ọkọ̀ ojú omi lè gbé yín dé Malé kíákíá, ẹwà kan náà ni.

Ṣé mo gbádùn ẹ̀? Ha, mo gbádùn ẹ̀ o! Lọ́sàn-án ọjọ́ kan gbogbo wọn lọ wo ẹja dọ́fíìnì, Màmá pàápàá tẹ̀ lé wọn, wọ́n ní kí n sinmi. Mo na ara sórí àga lábẹ́ igi, mo sùn, mo jí, kò sẹ́ni tó pè mí. Ní Kubwa ilẹ̀kùn mi kì í sinmi, nọ́ọ̀sì ẹ bá wa wo BP Bàbá, nọ́ọ̀sì ọmọ yìí ń gbóná, bí mo dé láti iṣẹ́ òru bí mi ò dé, mi ò sì lè gbowó torí aládùúgbò ni. Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ló yé mi ìdí tí èèyàn fi lè san irú owó yẹn. Tí mo bá lówó èmi náà máa rà á, fún ọjọ́ méjì. Ọjọ́ kẹta màá ti máa wá ẹni tí màá bá jà.

Nǹkan míì wà tí ìpolówó kì í sọ. Pàǹtírí ò lè di òfo, erékùṣù kan wà nítòsí Malé tó ń jẹ́ Thilafushi, láti ìbẹ̀rẹ̀ 1990s ni wọ́n ti ń kó pàǹtírí dà síbẹ̀, òun náà ti di ilẹ̀ ńlá. Òkun ń ga sí i, ọ̀pọ̀ ilẹ̀ orílẹ̀-èdè yẹn ò sì ga tó mítà kan sí ojú òkun, ìyẹn ni ààrẹ wọn nígbà náà, Nasheed, fi kó àwọn mínísítà lọ ṣèpàdé nísàlẹ̀ omi ní October 2009, wọ́n gbé ẹ̀rọ ìmí sẹ́yìn, wọ́n ń fọwọ́ sọ̀rọ̀. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ò ní fẹ́ǹsì tí wọ́n máa mọ dí òkun.

Ní ti owó, mi ò ní sọ iye tí ọ̀gá san, mo rí bíìlì náà ni mo bá ní mi ò rí i. Àmọ́ ẹ mọ̀ pé iye tẹ́ ẹ rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì kọ́ lẹ máa san: owó orí àlejò wà lórí ẹ̀, tó ti di ìdá 17 nínú ọgọ́rùn-ún láti July 2025, owó sáfíìsì ìdá mẹ́wàá, àti dọ́là 12 lórí èèyàn kan lálẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ríṣọ́ọ̀tù, tí wọ́n ń pè ní green tax, owó báàlù olómi náà dá dúró. Ẹni tí ò bá ní irú owó yẹn, ọ̀nà míì wà. Láti nǹkan bíi 2009 ni ìjọba wọn ti gbà kí ọmọ ìlú máa ṣí ilé àlejò ní erékùṣù tiwọn, irú bíi Maafushi, òkun kan náà, ẹja kan náà, ọkọ̀ ojú omi èrò ló ń gbé èèyàn lọ, owó ẹ̀ ò sì le. Ọtí ò sí, ibi tí wọ́n yà sọ́tọ̀ nìkan lẹ ti lè wọ bíkínì, ìrun á sì máa jí yín ní ìdájí.

Èmi ni mo fẹnu ba ọ̀rọ̀ Maafushi yìí fún Alhaja, mi ò mọ̀ pé wọ́n máa gbé e lọ́kàn. Wọ́n ti ní bí wọ́n bá tún ń lọ, Maafushi ni àwọn máa sùn, kí ọmọ àwọn àti ìyàwó ẹ̀ máa sùn níbi tó bá wù wọ́n. Ọ̀gá ní kò sí ohun tó jọ ọ́, báwo ni ìyá òun ṣe máa wà ní ilé àlejò olówó pọ́ọ́kú kí òun wà ní villa. Wọ́n ṣì ń fà á. Àná Alhaja tún pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n ní kí n bá àwọn béèrè iye tí yàrá oníbẹ́ẹ̀dì méjì jẹ́ níbẹ̀.